Ìwọ̀n Àtijọ́ Ni Mo Fi Gba Oògùn

Bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún yín pé ikọ́ ẹ̀gbẹ ló ń ṣe yín, ẹ jókòó, ẹ mí kanlẹ̀, kí ẹ sì ka ìwé yìí dé ìparí. Èmi tí mò ń kọ ọ́ náà ti jókòó síbi tí ẹ jókòó sí yẹn rí. Mo rò pé ó ti parí fún mi nìyẹn. Mo tilẹ̀ ti ń ronú ẹni tí yóò jogún máṣíìnì ìránṣọ mi. Lónìí, mo ti lo oògùn mi tán, wọ́n ti yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ mi wò, wọn kò rí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́, mo sì ń wa máṣíìnì láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ láìsinmi. Àìsàn yẹn kò pa mí. Irọ́ kan tí mo fi ẹnu ara mi pa ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí, nítorí irọ́ náà ni mo sì ṣe ń kọ̀wé.

Sìdíkátù ni orúkọ mi, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń pè mí bẹ́ẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde àfi ọkọ mi, òun náà sì dìgbà tí inú bá ń bí i. Àǹtí Sídí ni gbogbo ayé mọ̀. Aṣọ obìnrin ni mò ń rán. Ṣọ́ọ̀bù mi wà lójú ọ̀nà tó lọ sí Ìjagun, níbi tí àwọn olùkọ́ yunifásítì ti ń kọjá lọ síbi iṣẹ́, àwọn ló sì pọ̀ jù nínú oníbàárà mi, pàápàá àwọn tó sanra. Ọ̀pọ̀ tẹ́lọ̀ ló mọ aṣọ rán fún ẹni tó tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹni tó bá ní ìbàdí, tó ní ikùn, tó ní apá, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n máa ń júwe fún un. Ara mi gan-an ni pátákó ṣọ́ọ̀bù mi. Mo tóbi, mo sì mọ bí wọ́n ṣe ń fi aṣọ gbé títóbi yọ. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mo gun ìwọ̀n kan ní ṣọ́ọ̀bù oníkẹ́míìsì, kílò méjìdínlọ́gọ́rin ni mo jẹ́. Lásísì, ọkọ mi, wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní owó oúnjẹ òun kò ṣòfò. Mo rántí nọ́ńbà yẹn bí ẹni ń rántí ọjọ́ ìbí ọmọ.

Ikọ́ ló kọ́kọ́ dé. Mo ní eruku aṣọ ni, nítorí ẹni tó ń gé aṣọ láti àárọ̀ kò lè ṣe kó má fa eruku símú. Mo ra oògùn ikọ́ olómi, mo mu ún tán, mo ra òmíràn. Ọ̀sẹ̀ kẹta wọlé, ikọ́ kò lọ. Tó bá ti di ọwọ́ ìrọ̀lẹ́, ara mi á gbóná, bí mo bá sì jí láàárọ̀, aṣọ ìbora mi á ti rin fún òógùn. Mo lo oògùn ibà. Oúnjẹ kò wù mí mọ́, èmi tí mo lè jẹ àwo méjì kí n tó bèèrè ẹran.

Ohun tó yẹ kó là mí lójú ni síkẹ́ẹ̀tì mi. Síkẹ́ẹ̀tì tí mo fi ọwọ́ ara mi wọ̀n, tí mo rán, bẹ̀rẹ̀ sí í yí kiri ní ìbàdí mi. Síìpù tó yẹ kó wà lẹ́yìn á ti dé iwájú kí n tó rìn dé ṣọ́ọ̀bù. Mo dín in kù. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì, mo tún dín in kù. Bó bá jẹ́ oníbàárà ló gbé síkẹ́ẹ̀tì kan náà wá fún mi lẹ́ẹ̀mejì láàárín oṣù kan pé kí n dín in kù, màá ti bi í pé kí ló ń ṣe é. Èmi kò bi ara mi.

Obìnrin kan ló bi mí. Ó wá gba aṣọ, ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó ní, ṣé kò sí o, Àǹtí Sídí? Gbogbo wa la mọ ìbéèrè yẹn. Lọ́dọ̀ wa, bí ènìyàn bá sanra, wọ́n á ní ara rẹ̀ ń dán, ọkọ rẹ̀ ń tọ́jú rẹ̀. Bí ó bá rù, kíá ni wọ́n á ti dárúkọ àìsàn mẹ́ta fún un láì tíì rí dókítà, wọ́n á sì rọra máa gbé aṣọ wọn lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ẹ̀rù bà mí. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo gé fóòmù, irú èyí tí a ń fi sí àyà aṣọ ìyàwó, mo fi rán àwọ̀tẹ́lẹ̀ kan fún ara mi. Mo fi ìbàdí sí i, mo fi ìdí sí i, mo fi èjìká sí i. N kò rán ohun tó dára tó o rí láyé mi. Bí mo bá wọ̀ ọ́ sínú, tí mo wọ bùbá lé e, Àǹtí Sídí àtijọ́ ló ń bọ̀ yẹn. Lásísì nìkan ló mọ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó ń wò mí, ó ní, “Ṣé aṣọ lò ń rán ni àbí ènìyàn?” Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò pẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó bẹ̀ mí pé kí n lọ ṣe àyẹ̀wò. Mo ní kó jẹ́ kí iṣẹ́ ọdún iléyá parí ná.

Iléyá kò tíì dé tí mo fi wú ikọ́ kan sórí aṣọ funfun tí mò ń gé. Nígbà tí mo gbé ọwọ́ kúrò, pupa wà lára rẹ̀. Mo ká aṣọ náà, mo fi sínú báàgì, mo ti ṣọ́ọ̀bù.

N kò ní dárúkọ ilé ìwòsàn tí mo lọ, nítorí wọ́n ṣe mí lóore ju bí mo ṣe lè san lọ. Ẹni tó bá dé ibẹ̀ lẹ́yìn aago mẹ́fà àárọ̀, ẹ̀yìn ló máa tò sí. Àwa tí a ń wúkọ́, ìta ni wọ́n tẹ́ bẹ́ǹṣì tiwa sí, lábẹ́ páànù, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́. Bẹ́ǹṣì igi ni, ó le, ó sì máa ń dun egungun ìdí ẹni tó bá ti rù. Mo fi fóòmù mi jókòó, mo ń wo àwọn tó kù bí wọ́n ṣe ń sún síhìn-ín sọ́hùn-ún. Wọ́n fún mi ní ike kékeré pé kí n wú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ sínú rẹ̀. Wọ́n ní kí n lọ ya fọ́tò àyà. Ọkọ̀ lọ, ọkọ̀ bọ̀, ṣọ́ọ̀bù wà ní títì, èyí tí mo ti fi pamọ́ sì ń tán lọ. Lọ́jọ́ kẹrin, wọ́n pè mí wọlé.

Nọ́ọ̀sì tó pè mí ni wọ́n ń pè ní Nọ́ọ̀sì Rónkẹ́, obìnrin kúkúrú kan tí kì í gbé ohùn sókè. Ó sọ fún mi pé ikọ́ ẹ̀gbẹ ni. Ó ní ó ń gbóògùn, ọ̀fẹ́ ni oògùn náà, oṣù mẹ́fà ni màá fi lò ó láìfo ọjọ́ kan, ẹni tó bá sì lò ó pé, ó máa ń yè. Ó ní kí ọkọ mi àti àwọn ọmọ wá ṣe àyẹ̀wò. Mo ń gbọ́ gbogbo rẹ̀ lókèèrè. Lẹ́yìn náà ó mú káàdì kan, ó kọ orúkọ mi, ó kọ ọjọ́ orí mi, ó wá gbé ojú sókè. Ìwọ̀n wọn ti bàjẹ́, wọ́n ti gbé e lọ fún àtúnṣe. Ó wò mí láti èjìká dé ìdí.

“Kílò mélòó lẹ jẹ́, mà?”

“Méjìdínlọ́gọ́rin,” ni mo sọ.

Ó tún mi wò lẹ́ẹ̀kan sí i, ó ní ó máa tó bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, ó sì kọ ọ́. Ó ṣàlàyé pé bí ènìyàn bá ṣe wúwo tó ni wọ́n fi ń pín oògùn náà, hóró márùn-ún ni tèmi láràárọ̀. Mo ní mo ti gbọ́.

Ẹ lè bi mí pé kí ló dé tí mo fi purọ́. Kọ́tìnì lásán ló wà láàárín èmi àti àwọn tó ń dúró, ẹnì kan láti àdúgbò mi sì wà níbẹ̀. Ìdí kan nìyẹn. Èkejì ni pé n kò mọ iye tí mo jẹ́ lọ́jọ́ náà. N kò gun ìwọ̀n mọ́ láti ìgbà tí síkẹ́ẹ̀tì ti ń yí, torí n kò fẹ́ mọ̀. Ẹ̀kẹta ló sì wá jẹ́ òótọ́ jù: nígbà tí mo dárúkọ nọ́ńbà yẹn, inú mi dùn. Fún ìṣẹ́jú kan, mo tún padà jẹ́ ẹni tí mo jẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ ìwà òmùgọ̀ tó tẹ̀ lé e. Fokanáísà kan wà tí a jọ ń gba oògùn, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan báyìí. Hóró mẹ́ta ni tirẹ̀. Bí mo bá ń ka márùn-ún sí àtẹ́lẹwọ́ mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo máa ń ṣàánú rẹ̀ nínú ọkàn mi. Mo ń fi oògùn yangàn.

Ọ̀sẹ̀ kìíní lọ dáadáa. Ikọ́ dẹ̀, ibà ìrọ̀lẹ́ dín kù. Àsìkò yẹn ni ẹ̀gbọ́n mi, Àǹtí Múyíbà, dé láti Ìjẹ̀bú-Ìmuṣin pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì àgbo. Oko ẹ̀gẹ́ ni Àǹtí Múyíbà ń dá, òun ló sì tọ́ mi lẹ́yìn tí ìyá wa kú, nítorí náà bó bá ń sọ̀rọ̀, ìyá ló ń sọ̀rọ̀ yẹn. Ìjẹ̀bú paraku ló máa ń sọ, àmọ́ màá máa tún un sọ ní Yorùbá tí gbogbo wa gbọ́. Ó ní ikọ́ ẹ̀gbẹ kò sí nínú ẹbí wa, ó ní àwọn nọ́ọ̀sì fi orúkọ ńlá lé ikọ́ kékeré ni. Mo dúpẹ́, mo gbé kẹ́ẹ̀gì náà sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. N kò fọwọ́ kàn án.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni inú mi bẹ̀rẹ̀ sí í rú. Bí mo bá lo oògùn tán, màá bì. Bí mo bá gbóòórùn epo tó ń yọ́, màá bì. Ara ń yún mi láìsí éélà. Wọ́n ti kìlọ̀ fún mi pé ìtọ̀ mi á pọ́n díẹ̀ nítorí oògùn, ṣùgbọ́n èyí dúdú bí tíì tí wọn ò bu mílíìkì sí. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ kẹta máa fi parí, Lásísì gbé ojú mi kọjú sí fèrèsé ní òwúrọ̀, ó wo inú rẹ̀. Mo wá dígí. Ojú mi ti pọ́n bí pupa inú ẹyin adìẹ ìbílẹ̀.

Àǹtí Múyíbà kò dúró gbọ́ àlàyé. Ó ní, “Oògùn yẹn ló ń pa ọ́. Èmi sin ìyá wa, n kò ní sin ìwọ náà.” Ó kó páálí oògùn mi, ó gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù níbi tí ọwọ́ mi ò ti tó o. Mo wo Lásísì, òun tó bẹ̀ mí tìtorí àyẹ̀wò. Ó gbé ojú sílẹ̀. Ó ní kí n jẹ́ ká ṣe ti ẹ̀gbọ́n mi ná. Nọ́ọ̀sì Rónkẹ́ pè mí lórí fóònù nígbà tí kò rí mi, Lásísì gbé e, ó ní a rìnrìn àjò.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi mu àgbo. Ojú mi tún wá pọ́n sí i. Ikọ́ tó ti ń lọ padà dé. Mo dùbúlẹ̀, mo gbọ́ tí àbíkẹ́yìn mi ń bi ẹ̀gbọ́n mi pé ìgbà wo ni Màámi máa dìde. Ẹ̀rù ikú bà mí, n kò ní bò ó mọ́lẹ̀. Bí mo bá pa oògùn tì, ikọ́ á pa mí. Bí mo bá lò ó, oògùn á pa mí. N kò rí ọ̀nà kẹta.

Oníbàárà ló fi ọ̀nà kẹta hàn mí, kò sì mọ̀ títí dòní. Lọ́jọ́ kẹrin, Ìyáàfin Ọ̀ṣínúbi, olùkọ́ kan ní Ìjagun, wá bá mi nílé pẹ̀lú ìbínú. Mo ti rán aṣọ kan fún un kí oògùn tó dá mi dùbúlẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ dí nígbà náà, ó ní kí n má wulẹ̀ wọ̀n òun, kí n lo ìwọ̀n tó wà nínú ìwé mi. Aṣọ náà kò wá gba ara rẹ̀ mọ́. Ó ní mo ba aṣọ òun jẹ́, ó ní òun fẹ́ fi ṣe ìkómọ ọmọ àbúrò òun ní ọjọ́ Sátidé. Ó sọ ọ́ gbóná. Èmi náà, bí mo ṣe ń ṣàìsàn tó, iṣẹ́ ọwọ́ mi ni wọ́n bú yẹn. Mo ní kí wọ́n gbé ìwé tí mo ń kọ ìwọ̀n oníbàárà sí wá. Mo ṣí ojú ewé rẹ̀.

“Ẹ wò ó, mà, kí ẹ tó bí àbíkẹ́yìn yín ni ìwọ̀n yìí. Ẹ̀yin lẹ ní kí n lò ó. Aṣọ kò mọ bí ẹ ṣe rí tẹ́lẹ̀. Ara tí ẹ gbé wá lónìí nìkan ló mọ̀.”

Bí mo ṣe sọ ọ́ tán, mo gbọ́ ohun tí mo sọ. Ẹnu mi wà ní yíyà. Mo rántí Nọ́ọ̀sì Rónkẹ́ àti káàdì rẹ̀. Mo rántí hóró mẹ́ta fokanáísà. Mo rántí bí mo ṣe ń ka márùn-ún. Ìyáàfin Ọ̀ṣínúbi rò pé àìsàn ló gbé mi, ìbínú rẹ̀ lọ, ó ń bẹ̀ mí pé kò burú, a máa tú aṣọ náà, ká tún un rán. Mo ní kí wọ́n bá mi pe Lásísì.

Mo sọ ọ́ fún òun àti Àǹtí Múyíbà pọ̀. Mo ní oògùn kò jẹ̀bi, èmi ni mo gba oògùn ẹlòmíràn. Mo ní obìnrin kan ló ni oògùn yẹn, kílò méjìdínlọ́gọ́rin ni, kò sì sí nílé yìí mọ́. Lásísì di orí mú. Ó mọ̀ nípa fóòmù, ṣùgbọ́n ó rò pé fún àwọn oníbàárà ni, kò mọ̀ pé mo gbé e lọ síwájú nọ́ọ̀sì. Àǹtí Múyíbà ní òun náà á tẹ̀ lé wa lọ. Ó ti so gèlè rẹ̀ le bí ẹni tó ń lọ jà.

A wọ kẹ̀kẹ́ máárúwá lọ. Mo wọ fóòmù mi, mo mọ ohun tí mo fẹ́ fi ṣe. Ìwọ̀n ti dé láti ibi àtúnṣe, ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Nọ́ọ̀sì Rónkẹ́ wo ojú mi lẹ́ẹ̀kan, ó dìde. Kó tó sọ̀rọ̀, mo ti wọ ẹ̀yìn kọ́tìnì, mo bọ́ ìbàdí, mo bọ́ ìdí, mo bọ́ èjìká, mo kó gbogbo rẹ̀ jáde, mo gbé e lé orí tábìlì rẹ̀. Mo ṣẹ́kù sínú aṣọ mi bí igi àsíá.

“Nọ́ọ̀sì, mo purọ́ fún yín,” ni mo wí. “Fóòmù lẹ rí lọ́jọ́ náà.”

Mo gun ìwọ̀n. Kílò márùndínláàádọ́ta.

Kò bú mi. Ì bá bú mi, ì bá san jù. Ó jókòó, ó fi ọwọ́ kan fóòmù yẹn, ó wá ní, “Èmi náà jẹ̀bi, mà. Ojú kì í ṣe ìwọ̀n. Ó yẹ kí n ní kí ẹ padà wá ní ọjọ́ tí a bá rí ìwọ̀n lò.” Lẹ́yìn náà ó bèèrè bóyá mo tún lo nǹkan mìíràn pẹ̀lú oògùn. Mo ti ń múra láti tún purọ́, kí n lè bo ẹ̀gbọ́n mi, ṣùgbọ́n Àǹtí Múyíbà fúnra rẹ̀ ló sọ̀rọ̀. Ó tú gèlè, ó ní òun ló fún mi ní àgbo, ọjọ́ mẹ́ta, ife méjì-méjì.

Dókítà ní ẹ̀dọ̀ mi ló ń jìyà. Oògùn tó ju ara mi lọ ti dẹ́rù pa á, àgbo sì tún ẹrù dì lé e. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ mi wò, wọ́n dá mi dúró sí wọ́ọ̀dù, wọ́n dáwọ́ gbogbo nǹkan dúró. Mo ń wúkọ́, wọn ò fún mi ní oògùn ikọ́. Àwọn ọjọ́ yẹn le ju gbogbo rẹ̀ lọ, nítorí n kò mọ èyí tí yóò kọ́kọ́ borí, ẹ̀dọ̀ ni àbí ikọ́. Lásísì ń ti ibi iṣẹ́ rẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀dọ̀gbolú wá láràárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Á jókòó, á máa wo ojú mi, bí ẹni ń wo òṣùpá Ramadan.

Àwọ̀ ojú mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ mi dára, wọ́n dá oògùn padà fún mi, wọn ò dá a padà lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n ń fi kún un, wọ́n ń wò mí, títí ó fi pé hóró mẹ́ta. Mẹ́ta, bíi ti fokanáísà. N kò bì. Ara kò yún mi. Lọ́sẹ̀ kan lẹ́yìn ìyẹn, mo jí, mo sì jẹ ẹ̀kọ méjì kí ẹnikẹ́ni tó bẹ̀ mí. Àǹtí Múyíbà sunkún sídìí àwo tó ṣófo.

Láti ọjọ́ yẹn, òun ló di ọlọ́pàá oògùn. Kò padà sí Ìmuṣin fún oṣù méjì. Á ka hóró mẹ́ta náà sí mi lọ́wọ́, á ní kí n ya ẹnu kí òun rí i pé ó ti wọlé. Ó sì ń fún mi lóúnjẹ. Ìkọ́kọrẹ́ lónìí, ẹ̀bà lọ́la, ẹyin, ẹja, ẹ̀wà. Mo di kílò mọ́kàndínláàádọ́ta, mo di méjìléláàádọ́ta. Wọ́n ń gbé mi gun ìwọ̀n lóṣooṣù, kí wọ́n lè mọ̀ bí oògùn náà ṣì bá ara mi mu. Ẹ̀gbọ́n mi á bèèrè pé mélòó ló kù kí ó pé méjìdínlọ́gọ́rin. Ó ti pinnu pé títí mo fi máa débẹ̀, ara mi kò tíì yá.

Nọ́ọ̀sì Rónkẹ́ ló yanjú ìyẹn. Ó ní kí n fún òun ní téèpù mi, èyí tó máa ń wà lọ́rùn mi. Ó ní kí n bọ́ bàtà, kí n fara ti ògiri. Ogún ọdún ni mo ti fi téèpù wọn ènìyàn ní àyà, ní ìbàdí, ní ẹsẹ̀, ẹnikẹ́ni ò fi í wọn gíga mi rí. Ó yí i sí ẹ̀gbẹ́ tó ní sẹ̀ǹtímítà, èyí tí èmi kì í lò. Téèpù náà tán ní ojú àádọ́jọ, orí mi sì tún yọ lókè rẹ̀, ó tún mẹ́wàá wọ̀n kún un. Ọgọ́jọ. Ó ní bí wọ́n bá fẹ́ fojú díwọ̀n ibi tó yẹ kí ara ènìyàn wà, wọ́n lè yọ ọgọ́rùn-ún kúrò nínú gíga rẹ̀. Ọgọ́ta ló kù. Ó ní tí ó bá jẹ́ obìnrin, wọ́n tún máa ń yọ díẹ̀ nínú ẹ̀.

Àǹtí Múyíbà ní báwo ni àwọn nọ́ńbà ṣe máa sọ fún wa bí àbúrò òun ṣe yẹ kó tóbi tó. Nọ́ọ̀sì ní ìdíwọ̀n lásán ni, ènìyàn yàtọ̀ síra, wọn kì í sì í fi í ṣe ìjà. Ó wá bi mí pé nígbà tí mo jẹ́ méjìdínlọ́gọ́rin, báwo ni orúnkún mi. Mo rẹ́rìn-ín. Orúnkún mi ń dún nígbà náà tí mo bá ń wa máṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀, wọ́n sì ti sọ fún mi lẹ́ẹ̀mejì pé ẹ̀jẹ̀ mi ń ru, mo kàn ń fi dídán ara bò ó mọ́lẹ̀ ni. Ó ní, “Kì í ṣe ibi tí ẹ ti kúrò lẹ máa padà sí, mà. Ibi tó bá yín mu ni.” Ó fi kún un pé bó ti wù kí ibi tí à ń lọ wù wá tó, ohun tí ìwọ̀n bá sọ lónìí ni wọ́n ń wò kí wọ́n tó ka hóró sí wa lọ́wọ́. Nígbà tí a dé ilé, ẹ̀gbọ́n mi dín ìkọ́kọrẹ́ mi kù ní ṣíbí kan, ó ní òun ti gbọ́ràn sí ìjọba lẹ́nu.

Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ èyí dáadáa, ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí. Bí ẹ bá dé ibi tí wọ́n ti ń pín oògùn, tí wọ́n bèèrè kílò yín, ẹ má dárúkọ ti ọdún tó kọjá. Bí kò bá sí ìwọ̀n, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n wá a, kí ẹ sì padà lọ́jọ́ kejì bó bá gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ bọ́ bàtà, ẹ gbé báàgì sílẹ̀, ẹ tú gèlè bó bá wúwo. Ohun tí ẹ ń mu nílé, ẹ sọ ọ́, ìbáà jẹ́ ẹ̀gbọ́n yín ló sè é. Bí ara bá sì ṣe yín bákan, ẹ má fi ọwọ́ ara yín dín oògùn kù, ẹ má sì gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù. Ẹni tó fún yín ni kí ẹ padà lọ bá. Ìtìjú kì í wo ikọ́ sàn. Mo ti gbìyànjú rẹ̀, mo sì jẹ́rìí.

Alihamudulilahi, ọjọ́ tí mo lo hóró ìkẹyìn dé. Lásísì àti àwọn ọmọ ti ṣe àyẹ̀wò, kò sí nǹkan kan lára wọn. Nọ́ọ̀sì Rónkẹ́ kọ ọ́ sórí káàdì mi pé mo ti parí, ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó sì fi apá mọ́ mi. Èmi náà kò lọ lọ́wọ́ òfo. Mo ti tú àwọ̀tẹ́lẹ̀ yẹn palẹ̀, ìbàdí, ìdí, èjìká, mo to fóòmù rẹ̀ pọ̀, mo fi aṣọ líle rán an, mo sọ ọ́ di tìmùtìmù gígùn kan. Ó bá bẹ́ǹṣì tó wà lábẹ́ páànù mu rẹ́gí, nítorí mo ti lọ wọ̀n ọ́n ṣáájú. Àwọn tó ń wúkọ́ ti ń jókòó lé e báyìí. Inú mi dùn pé nǹkan náà wá rí iṣẹ́ gidi ṣe.

Ní ṣọ́ọ̀bù, n kì í rán aṣọ fún ẹnikẹ́ni mọ́ láìwọ̀n ọ́n lákọ̀tun, ìbáà ṣe ìyàwó ọba. Ojú ewé kan wà nínú ìwé mi tó jẹ́ tèmi, mo ń kọ ọ́ lóṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Àwọn tó tẹ́ẹ́rẹ́ náà ti ń wá sọ́dọ̀ mi, nítorí wọ́n rí aṣọ lára mi.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Ìyáàfin Ọ̀ṣínúbi gbé aṣọ tuntun wá. Ṣọ́ọ̀bù kún, obìnrin mẹ́rin ló wà níbẹ̀. Mo na téèpù sí i níbàdí, ó ń wò mí nínú dígí, ó wá ní, “Àǹtí Sídí, ẹ ti fọn o. Kílò mélòó lẹ kù báyìí?”

Gbogbo wọn gbé ojú sókè. Mo kọ ìbàdí rẹ̀ sílẹ̀ ná kí n má baà gbàgbé.

“Méjìdínlọ́gọ́ta, mà,” ni mo sọ. “Mo bọ́ bàtà kí n tó gun ìwọ̀n.”